Ojú Kan Ṣófo Láàárín Kúbùsù

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ mi àtàtà,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà yẹn kò jò mọ́? Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú títì, ẹni tó bá ń wá ọ fún ibi kò ní mọ nọ́ńbà ilé rẹ, ẹni tó bá sì ń wá ọ fún ire kò ní ṣìnà. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin wà dáadáa, òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin náà ń bẹ, ó ní òun yóò kọ̀wé sí ọ, má dúró dè é. Àǹtí rẹ, àbúrò mi tó ń bá wa gbé, ti yọ eyín tó ń dà á láàmú, ó tọ́jú eyín náà sínú agolo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù, ó ní òun san owó lórí rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ní kí n jókòó kọ ìwé yìí, àmọ́ ìdí mi ò gbélẹ̀. Mo kọ ìlà méjì, mo dìde lọ wo ojú fèrèsé. Mo padà wá, mo tún dìde, mo lọ yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò bóyá mo tì í, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé mo tì í. Mò ń lọ mò ń bọ̀ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Àǹtí rẹ ní bí mi ò bá jókòó, òun yóò so mí mọ́ àga. Nítorí náà má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, bó ṣe ń ṣe mí nínú náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kúbùsù kan ló wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kàn ọ́.

Ọdún tí o kúrò nílé gan-an ni mo wọ Ẹgbẹ́ Alábẹ́rẹ́. Ilé ti dákẹ́ jù fún mi, bàbá rẹ kò sì kúkú ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ní bọ́tìnnì tàbí síìpù nínú. A jẹ́ mẹ́rìnlá nínú ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń pàdé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ pamọ́ sí, kí o tó jókòó wàá kọ́kọ́ mi àga rẹ wò. Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń gé aṣọ àlòkù sí wẹ́wẹ́, a ó rán wọn pọ̀ mọ́ra títí yóò fi fẹ̀ tó kúbùsù, a ó tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, a ó fi aṣọ mìíràn ṣe ẹ̀yìn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ kí òwú náà má bàa ṣù jọ sójú kan. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bàbá rẹ ń pè wá ní ẹgbẹ́ alákìísà. Ó ní òun fi ogójì ọdún gé aṣọ kí ó lè di ṣòkòtò, àwa wá jókòó, à ń gé ṣòkòtò kí ó lè di àkísà.

Lọ́dọọdún ni Alága wa máa ń gbé ìdíje kalẹ̀ láti fi dán ọgbọ́n orí wa wò. Agbẹ̀bí ni Màmá Alága kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára wọn, bí ọwọ́ ẹnìkan bá ń gbọ̀n nídìí abẹ́rẹ́ wọn á ní kó mí sínú, kó mí síta, kó má tíì tì í. Ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ, ọwọ́ ni kí a fi fa gbogbo rẹ̀ ya. Èmi fi eyín bẹ̀rẹ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo sì fi ń tu òwú lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún gbogbo wa ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan aṣọ kan náà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ohun tí ọmọ ìkókó pọ̀ sí èjìká ènìyàn, wọ́n ní kí a lò ó lọ́nà tí ojú kò fi ní kọ̀ ọ́. Mo fi ọgbọ́n tọ́jú tèmi sáàárín àwọn òdòdó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adájọ́ fi wá a tì, wọ́n ní mi ò lò ó, wọ́n gbé mi sí ipò kẹtàlá. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn mi kò wá lọ́jọ́ náà rárá. Onírúlà ló gbégbá orókè. Obìnrin kan tó ti bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ rí ni Onírúlà, rúlà onírin kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti fi ojú ara mi rí i tó ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e.

Ìdíje ti ọdún yìí ló wá gbé mi dé ibi tí mo wà. Màmá Alága ní kí oníkálukú fi kúbùsù sọ àwọn tó ń jẹ́ ará ilé rẹ̀. Ojú kan fún ẹnì kan, kí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án lóòró, íǹṣì mẹ́sàn-án níbùú, kí aṣọ náà jẹ́ èyí tí ẹni náà ti wọ̀ rí, kí ó sì jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ. Wọ́n sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọ́ lọ ká aṣọ aláṣọ lórí okùn.

Mo délé, mo ka ara ilé wa, a jẹ́ mẹ́sàn-án géérégé, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, kò lé kò dín. Mo fi ọ́ sí àárín, torí ìwọ ni àbígbẹ̀yìn, àárín èmi àti bàbá rẹ ni o máa ń sùn sí, o sì máa ń fi ẹsẹ̀ gbá àwa méjèèjì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàárín ìlú ni a ó gbé àwọn kúbùsù wa kọ́ sí kí gbogbo ayé lè wá wò wọ́n, ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ, mo kọ àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Àmọ́ àyè kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ìlà yí ká, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkankan síbẹ̀, ti àwọn ará ọ́fíìsì ni. Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ara wọn, kò sì sí ẹnì kan tó ronú láti kí wọn. Mo rọra kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín. Wọ́n ti dá fọ́ọ̀mù náà padà lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí n kí ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì mọ̀ wọ́n.

Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èmi yọ tèmi lára búbù tí mo wọ̀ ní ọjọ́ tí mo bí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ mú tiwọn wá, àwọn ọmọ wọn méjèèjì jà lórí ẹni tí yóò wà lókè. Àǹtí rẹ fún mi ní igun ìborùn rẹ̀ kan, ó sì ní kí n rán etí ìyókù kí n tó dá a padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin mú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu jára wá, mo ní kó lọ mú aṣọ ènìyàn wá. Ó wá ku bàbá rẹ, ó ku ìwọ.

Bàbá rẹ ní kò sí aṣọ òun tó tíì gbó débi àkísà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá béèrè pé bí òun bá wà nínú kúbùsù náà, ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo dárúkọ rẹ. Ó mú awò ojú rẹ̀, ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ojú tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo dè é. Mi ò fẹ́ tọwọ́ bọ ojú egbò, àmọ́ ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ṣòkòtò tí a ti rán sílẹ̀, àwọn ṣòkòtò inú páálí tó ti gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò pè ọ́ ní ọmọ òun mọ́. Ẹni ọ̀hún ló ń pè ọ́. Ó ní òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú, ọwọ́ kan náà ni o sì fi tọwọ́ bọ̀wé fún wọn. Ọdún méjì nìyẹn o. Mò ń gbé láàárín ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kì í wálé. Mi ò bá ọ wí, iṣẹ́ ni iṣẹ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ ó ń dùn mí, ó ń dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí aṣọ kan náà bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè wà nínú yàrá kan náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wo kúbùsù náà lórí tábìlì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Mo pè ọ́ lórí fóònù pé kí o fún mi ní aṣọ rẹ kan, o rántí. O ní àwọn ènìyàn dúró dè ọ́, o ní kí n má dààmú, o ti fi í ránṣẹ́, kí n wo fóònù mi. Mo wò ó, lóòótọ́ búláòsì pupa kan wà níbẹ̀, ó ní kọ́là, ó ní bọ́tìnnì márùn-ún, o tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn ṣìnkìn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ nǹkan ìgbàlódé o. Ṣebí nígbà tí eyín àǹtí rẹ ń dùn ún, inú fóònù ni owó tí o fi ránṣẹ́ gbà wá? Mo gbé fóònù lọ bá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìfìwéránṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì ka owó gidi sí mi lọ́wọ́. Mo wá gbé fóònù lọ bá obìnrin yìí kan náà, mo ní aṣọ ọmọ mi ti dé, kó bá mi yọ ọ́.

Ó wò mí, ó wo fóònù. Ó ní Màmá, fọ́tò ni. Mo ní mo mọ̀ pé fọ́tò ni, owó ìjọ́sí náà nọ́ńbà lásán ni kó tó yọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe gan-an, mo ní kó sáà jáde sí mi lọ́wọ́, èmi ni n ó gé e. Ó bá so fóònù mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà kùn, aṣọ sì jáde ní gbígbóná bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, kọ́là rẹ̀ àti bọ́tìnnì márààrún. Mo fọwọ́ kàn án, ó fẹ́lẹ́. Mo ní aṣọ ìlú ńlá ṣáà ni, a ti ń gbọ́ ọ pé wọn kì í nípọn. Mo fi han bàbá rẹ, ó fi ìka méjì mú un, ó gbọn ọ́n létí ara rẹ̀, ó ní ó yé òun, bí gbogbo aṣọ àwọn páálí yẹn ṣe rí nìyẹn. Mo rán an sí àárín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ká kúbùsù náà ló máa ń dún ṣakaṣaka, mo ní ohùn ọmọ mi ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ṣe àfọ̀wò. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé kí a fọ gbogbo kúbùsù lẹ́ẹ̀kan níwájú ara wa kí a tó gbé e jáde, torí Màmá Alága ní ọmọ tí a kò tíì wẹ̀ kò tíì dé ayé. Mo ri tèmi sínú bàsíà. Mo gbé e sókè. Ọmọ mi, o ti lọ. Pupa díẹ̀ ṣẹ́kù sínú omi àti nǹkan funfun kan tó ń jábọ́ ní mùjẹ̀mùjẹ̀, àárín kúbùsù ṣófo, òwú ń wò mí. Màmá Alága sáré dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní kí n mí sínú. Onírúlà gbé rúlà lé ihò náà, ó ní íǹṣì mẹ́sàn-án lọ́nà gbogbo, ihò náà gún régé. Mo rò pé ó fi tù mí nínú ni.

Ibẹ̀ ni ara mi ti kọ̀ tí kò fẹ́ lélẹ̀ mọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ ọ́ sí mi létí pé kí n fi aṣọ èyíkéyìí dí i, ta ni yóò mọ̀. Mo délé, mo mú igun ìborùn àǹtí rẹ tó ṣẹ́kù, mo gbé e lé àárín. Ó bá a mu. Mo wò ó, mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ méjì. Wọ́n tún ti ya fọ́tò kúbùsù wa sórí fóònù kí àwọn ará ìta máa fi àwòrán ọkàn ránṣẹ́ sí èyí tó bá wù wọ́n, Onírúlà ti gba ọkàn ọgọ́ta, èmi gba mẹ́rin, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí. Oorun kò kùn mí. Mo jẹun, mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bàbá rẹ wọlé bá mi nídìí tábìlì. Ó wo ihò náà. Ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tó ń fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ máṣíìnì, èyí tó máa ń há yẹn. Ó padà wá, ó gbé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ti kíláàsì kìíní kalẹ̀ níwájú mi.

Mo rò pé ó ti fi ṣe àkísà tó ń fi nu máṣíìnì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ náà kò lè gbàgbé aṣọ yẹn. Bàbá rẹ kò rán aṣọ obìnrin rí kó tó dórí rẹ̀, kò sì rán òmíràn mọ́, ṣòkòtò nìkan ló mọ̀, ó wá fi àpò ṣòkòtò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ sí i lọ́nà méje. Wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín nílé-ẹ̀kọ́, o sunkún wálé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì yín ń fẹ́ àpò tí wọn yóò máa fi ẹfun ìkọ̀wé sí. Gbogbo ọdún yìí ló ti ká a sábẹ́ ìdì òwú. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Tirẹ̀ pẹ́ kó tó nà án jáde, àmọ́ ó nà án. Ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí àpò wà, ó gé e fúnra rẹ̀, íǹṣì mẹ́sàn-án, kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní yóò bá ihò yẹn mu, ó sì jáde.

Àná tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, mo gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Onírúlà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ó bi mí pé ta ló fi ọwọ́ gbé e fún mi. Mo ní bàbá rẹ ni. Ó ní ṣé bàbá rẹ ló wọ̀ ọ́? Mo bínú débi pé mo fẹ́ gba rúlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi lé e lórí, ni mo bá gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ ni, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ilé-ìkàwé kò sí lójú ọ̀nà ibi kankan tí bàbá rẹ máa ń lọ.

Ó wọlé, ó kí gbogbo àwọn alákìísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní òun ló ra aṣọ náà, òun ló gé e, òun ló rán an, òun ló tọ́jú rẹ̀ tí ẹyọ kòkòrò kan kò jẹ ẹ́, ta ló tún wá jẹ́ olówó rẹ̀ bí kì í bá ṣe òun. Màmá Alága jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, bí ẹni tó ń bá aláboyún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ tirẹ̀, ó dára, kí wọ́n rán an sí ojú tirẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín, kí ti ọmọ máa wà bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti ọmọ, ọmọ ni yóò gbé e wá. Kó sọ fún àwọn, ti ta ni?

Bàbá rẹ gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Ó ká aṣọ náà, ó tú u, ó tún ká a. Mo rò pé yóò bínú jáde. Ó ní ti ọmọ òun ni.

Láti ọdún méjì, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, mi ò tijú. Màmá Alága bi í pé ti òun náà dà? Gbogbo ènìyàn rí i pé ọwọ́ òfo ló bá wá. Ó yí àpò ṣòkòtò tó wọ̀ síta, owó wẹ́wẹ́ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, ó tọrọ sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Onírúlà, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni, ó gé àpò náà kúrò níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò tó íǹṣì mẹ́sàn-án. Ojú lásán fi hàn pé kò tó o. Onírúlà wo aṣọ náà, ó wo rúlà rẹ̀, ó sì ti rúlà náà bọ inú báàgì. Bàbá rẹ fi àpò kan ṣoṣo rìn wálé.

Mo ti rán tirẹ̀ mọ́ ọn láti àná, mo fi aṣọ funfun gbá etí rẹ̀ kó lè kún ojú náà. Ó wá ku ojú kan, tìrẹ. Màmá Alága ní ọ̀nà kan ṣì wà, kí n fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí ọ, kí o buwọ́ lu ìwé pé ìwọ lo yọ̀ǹda rẹ̀, kí o dá méjèèjì padà, ẹgbẹ́ yóò gbà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mo ti rí ohun tí omi ń fi ìwé ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, ohun tó le díẹ̀ tó wà nínú àpòòwé yìí, aṣọ rẹ ni. Bàbá rẹ ló ká a, òun ló mọ bó ṣe ká a tí kò fi rún. Kò sí òmíràn o. Ará ilé-ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé ni yóò dé ọwọ́ rẹ, mo ní kó búra, kò búra. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni Màmá Alága yóò ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Yóò gbà mí ní ìdajì wákàtí láti rán an bí ọwọ́ mi kò bá gbọ̀n, yóò sì gbọ̀n, torí náà tètè wá. Bí o kò bá wá, ihò náà ni n ó gbé kọ́ lójú gbogbo ayé. Mi ò ní fi nǹkan mìíràn dí i, kí wọ́n gbé mi sí ipò kẹrìnlá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ṣe o mọ̀ pé mi ò lè kọ̀wé kí n má tọrọ. Òwú funfun mi ti tán, àǹtí rẹ sì ní kí n sọ fún ọ pé eyín kejì ti ń mì. Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Èyí tó ká mi lára ni owó ọkọ̀. Kì í ṣe tèmi, tìrẹ ni. Mo bẹ̀ ọ́, bá mi fi owó náà fún ara rẹ, kí o fi wọ ọkọ̀ wálé. Má wulẹ̀ fi í sínú fóònù.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní kọṣẹ́. Ọ̀gá rẹ kò ní bá ọ jà pé o gba ìsinmi, bó bá tilẹ̀ fẹ́ jà, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. O kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, wàá jẹ èrè ọwọ́ rẹ. Àṣẹ.

Bàbá rẹ dúró lẹ́yìn mi báyìí, ó ń ka ohun tí mò ń kọ, ó ní mo ti tú gbogbo àṣírí òun. Ó ní kí n bi ọ́ pé íǹṣì mélòó ni ìbàdí rẹ. Mo fẹ́ kọ ọ́, ó tún ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹni tó bá wọn ara rẹ̀ máa ń fa ikùn wọlé, kí o gbé ìbàdí náà wá fún òun.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí n tó lẹ ìwé yìí pa. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ láti ọdún méjì, mo máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bàbá rẹ ń kí ọ. Èmi ni mò ń fi í kún un, kò rán mi rí.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Òun ló ní kí n kọ ọ́.